Kí Àkọsílẹ̀ Wọlé Kí Àmì Tó Jáde

Olúmúyìwá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, ó ń bá Níkẹ́ wí lórí fóònù.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń kà á.

"Àmì pé ó ti délẹ̀ ń jáde kí àkọsílẹ̀ aláìsàn tó wọlé. Dókítà á rí àmì, á ṣí i, á bá òfo."

"Bọ̀ọ̀dá Múyìwá, àkọsílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ o. Kọ̀ǹpútà ló gbé ẹ̀yìn síwájú."

"Kọ̀ǹpútà kì í ní sùúrù. Ìwọ ni kó o dá a dúró. A kì í kéde ohun tí kò tíì sí nílẹ̀, Níkẹ́."

"Ẹ má bínú, sà."

Ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ láti Ìtàjí ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń já iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo.

Ìyá rẹ̀ jáde nínú ìró tuntun.

"Múyìwá, pa fóònù yẹn, ká máa lọ sí Ìfàkì. O kúkú ní àwọn àna wa ń retí wa."

Olúmúyìwá ń wo iṣu.

"Haa, bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú oríire." Níkẹ́ ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Ṣé Ìfàkì tiwa níbí? Ta ni ìyàwó?"

Láti oṣù tó kọjá ni Olúmúyìwá ti dárúkọ ìyàwó, kí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ kó sinmi. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ti gbọ́, títí dé àwọn tó wà ní Ìbàdàn.

Níkẹ́ tó dárúkọ rẹ̀ gan-an nìkan ni kò tíì sọ fún.