Bàbá Ipò Kìíní àti Aṣọ Olówùú Funfun

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí nǹkan tó dàrú, ọmọbìnrin kan dúró lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ìyá rẹ̀ ń fi òwú funfun rán aṣọ búlúù kan pọ̀ lóréfèé sí i lára, aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde ilé ẹ̀kọ́. Abẹ́rẹ́ gún un níhà, ó ta kìjí. Ìyá ní, "Dúró jẹ́ẹ́, ìwọ ọmọ yìí, àbí o fẹ́ kí n rán ẹ mọ́ aṣọ ni?" Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì rẹ̀. Ó kàn ní, "Ìwé dà?"

Ìgbéraga ni àléébù ọkùnrin yìí. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ni, kì í mutí, kì í bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kí ọmọ rẹ̀ wà níwájú ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Ipò Kìíní. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun rò pé oyè ni.

Ọdún yẹn ni ọmọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Kí ìdánwò yẹn tó dé, ilé ẹ̀kọ́ a máa ṣe ìdánrawò, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tó kù sí. Olùkọ́ ọmọ náà wá gba ṣòkòtò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ̀rọ̀ ìyànjú.

"Ẹ jẹ́ kó máa ka wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, kó sì máa sùn dáadáa. Bó bá kùnà níbì kan, inú mi á dùn, torí a ó ti mọ ohun tó yẹ ká tún kọ́ ọ."

"Ọmọ tèmi ò ní kùnà níbì kankan, tíṣà."

"Ìdánrawò lásán ni o, Bàbá."

"Ipò kìíní ni ipò kìíní."

Télọ̀ tí kì í rán aṣọ parí láìjẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò, kí ó lè rí ibi tó fún àti ibi tó ṣò, kò mọ̀ pé ohun kan náà ni olùkọ́ ń sọ. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Láti ìgbà yẹn, bí ọmọ bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ìwé ni. Ìwé ni lórí oúnjẹ, ìwé ni títí oorun yóò fi gbá orí rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Kò pẹ́ sí i ni àìsàn dá ìyá dúró sí ilé ìwòsàn. Ọmọ bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun lọ wò ó.

"Màmá ẹ ní kí o gbájú mọ́ ìwé ẹ," ni bàbá wí. "Ó ní tí o bá parí kí o wá."

Irọ́ ni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó tún pa irọ́ kejì: "Ọmọ ẹ ní òun ń bọ̀ tí òun bá ṣe tán." Obìnrin náà yí padà lórí ibùsùn. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá, tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, wá bá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wá. Àbúrò mi ò yé bèèrè rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ìdánrawò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbẹ́yìn ni?"

"Bó bá gbẹ́yìn ńkọ́? A lè tún ìdánrawò ṣe. Ìyá ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ á yá. Ẹ má kó ìbẹ̀rù bá ọmọ mi."

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni télọ̀ sọ orí dà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìdánrawò máa parí, ẹ̀gbọ́n ìyá pè é lórí fóònù pé obìnrin náà ti dákẹ́. Ọmọ ń de okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ta ló pè, Bàbá?"

"Oníbàárà ni. Máa lọ, kí o má pẹ́."

Ọmọ lọ, ó kọ ìwé tó kù. Ìgbà tó dé ni bàbá tó sọ fún un.

Ipò kìíní ló gbà. Bàbá fi gíláàsì bo èsì náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè máṣíìnì, ó sì ń nàka sí i fún àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wò ó títí. Ó ní, "Ẹ kú orí ire, ẹ sì kú ará fẹ́ra kù. Èwo ni ká kọ́kọ́ kí yín ná?"

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyá bi ọmọ náà níṣojú bàbá rẹ̀ pé, "Kí ló dé tí o ò wá? Ó ń bèèrè ẹ títí ó fi dákẹ́."

"Ṣebí màmá mi ló ní kí n máa kàwé?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Ọmọ náà bojú wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo ilẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò àṣejáde, bàbá kan ilẹ̀kùn. Ó bá ọmọ lórí ìjókòó, ó ti di ẹrù rẹ̀.

"Àkókò ti tó," ni bàbá wí.

"Mo ti gba ipò kìíní fún yín, Bàbá. Ó wà lára ògiri. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mò ń lọ."

Ọkùnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ọmọ yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló padà wá, láti kó ẹrù ìyá rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," bí ẹni tó mú aṣọ wá rán ṣe ń kí i. Kò jókòó. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ṣòro. Akẹ́kọ̀ọ́, kàwé fún ìdánrawò, má ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ka ìwọ̀nba tí yóò fi hàn ọ́ bí o ti mọ̀ tó, kí o sì pa ìwé dé nígbà tí oorun àti ẹbí bá pè ọ́. Aṣọ tí a ń wọ̀ wò ni ìdánrawò. Bí kò bá bá ọ mu, a ó tú u, a ó tún un rán. Òbí, má fi ohun tí a lè tún ṣe gba ohun tí kò ní àtúnṣe lọ́wọ́ ọmọ rẹ. Ní ti télọ̀, ó ṣì ń ránṣọ. Èsì ìdánrawò wà lára ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni aṣọ búlúù náà wà, òwú funfun tí ìyá fi rán an pọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.