Ẹsẹ̀ Tó Fò Sẹ́yìn

Àbúrò ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Àárọ̀ ni, ó fẹ́ fá irùngbọ̀n fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ti fi tówẹ̀lì gbígbóná, èyí tó nípọn, bo gbogbo ojú ẹ̀ kí irun lè rọ̀. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti já bọ́ lórí òrùlé ni wọ́n ti ní ìsàlẹ̀ ìbàdí ẹ̀ kú. Àbúrò fi ilé ìwé sílẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e pọ̀n. Àwọn méjì péré ló ń gbé ilé náà, àwọn àti eku tó ń jẹ ṣúgà wọn lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bọ̀ọ̀dá, káfíńtà yẹn ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Tí mi ò bá wá, òun á mú ẹlòmíì."

"Ta ló máa wá gbé mi lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Káfíńtà?" ni ẹ̀gbọ́n wí lábẹ́ tówẹ̀lì. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ ti ń là jù. O ò lọ ibì kankan."

Inú bí i. Ó na ọwọ́ fún abẹ, ìgbúnwọ́ ẹ̀ gbá ife tíì gbígbóná dànù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n fò sẹ́yìn.

"O ti fi tíì jó ìka ẹsẹ̀ mi kékeré. Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" ni ó wí lábẹ́ tówẹ̀lì.

Ẹsẹ̀ yẹn nìkan ni àbúrò ń wò.

"Ó mira. Ẹsẹ̀ tó kú, ó mira. Ẹ ti sọ mí di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹ wá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ dìde, ẹ lọ ṣu fúnra yín."

Ó ju abọ́ omi mọ́ ògiri. Ibi tó ti ń pariwo ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wá yẹ ẹ̀gbọ́n wò ti wọlé.

"Jókòó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tó o bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ṣé o máa ń rò ó kó o tó fa ọwọ́ ẹ?"

"Rárá, mà."

"Iṣan ẹsẹ̀ á sáré lọ sọ fún ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pá ẹ̀yìn ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á ní kí ẹsẹ̀ fò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìròyìn ń gòkè dé ọpọlọ, tó o fi máa mọ̀ pé nǹkan jó ẹ. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ, ọ̀nà tó gòkè yẹn ló já. Ẹsẹ̀ ẹ̀ lè fò dé àjà, òun ò ní mọ̀." Ó tẹ itan ẹ̀gbọ́n wò. "O kúkú ń tọ́jú ẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tó pẹ́ tó báyìí lórí bẹ́ẹ̀dì á ti rù bí igi ìṣáná."

Ojú ti àbúrò. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Pe káfíńtà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Sọ fún un pé o ò wá mọ́."

Ó pè é níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì bá tiẹ̀ lọ.

Ní kíṣìnnì, àbúrò fi tówẹ̀lì yẹn nu omijé ẹ̀. Kò rí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀, kódà kò rí fèrèsé. Ó wo ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ara ẹ̀, tówẹ̀lì lójú; kò rí i. Lẹ́yìn náà, ó padà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló sọ fún yín pé ìka kékeré ni tíì jó?"

Ẹ̀gbọ́n ṣí aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀ ara ẹ̀.

Àbúrò rọra fẹ̀yìn rìn dé yàrá tiẹ̀, ìgbà tó sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ méjì tó ń bọ̀ ní kọ̀rídọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi irin há a, ó jókòó.