Ìjókòó Inú Mọ́tò Kékeré

Adéróunmú, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń fi páànù ṣe mọ́tò eré ìje ayé àtijọ́ kan ní kékeré. Fọ́tò ló ń wò ṣe é, kò sì jẹ́ kí ohunkóhun yàtọ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i.

“Ìjókòó yẹn fún jù.”

Ara fu Adéróunmú, nítorí ìjókòó kò hàn nínú fọ́tò.

“Ẹ mọ mọ́tò náà ni, sà?”

“Ó ti pẹ́ tí mo ti jáde nínú rẹ̀.”

Adéróunmú fi ẹ̀mú fa ìjókòó náà sẹ́yìn díẹ̀.

“Ṣé ó ti tó báyìí?”

Ó gbójú sókè. Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

“Ó ti tó,” ni ohùn tín-ín-rín kan wí láti inú mọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.