Ọ̀mọ̀wé àti Ìró Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́ Rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá dúró lágbedeméjì, ẹ óò ṣi ọkùnrin yìí lóye.

1.
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì ni ọkùnrin náà. Etí-Ehoro ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí kò sí ohùn tó kéré jù fún un láti gbọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó wà lára àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù tó ń sọ èdè ìlú wọn, ó sì ń gba ohùn ìyá náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ìró kan lẹ́nu ìyá náà tó ń súfèé bí afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Ó tú ìwé títí, kò rí irú rẹ̀. Àṣé òun lòun máa kọ́kọ́ rí i!

2.
Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ìbéèrè. Kò sí ohun tó ń kọ tí kì í fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí ni mi ò rí?"

Etí-Ehoro a bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ẹni tó ń tọrọ ọgbọ́n kiri bí iyọ̀!"

Obìnrin náà kanlẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ti rí ìró tuntun. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

"Kí o lè kọ ọ́ ṣáájú mi, àbí?"

"Rárá o! Kí etí mìíràn ṣáà bá yín gbọ́ ọ ni."

"Méjì tó wà lórí mi tó mi."

3.
Ìwé tó kọ lórí ìró náà jáde. Ìyìn rọ̀ bí òjò. Wọ́n tún ní òun ni yóò di olórí ẹ̀ka wọn lóṣù tó ń bọ̀. Ó mú ìwé náà lọ fún ìyá arúgbó.

Ìyá ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, eyín funfun kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú.

"Ọmọ mi, ọmọbìnrin mi ra eyín fún mi! Mo ti ń jẹran!"

Ọkùnrin náà bẹ ìyá pé kí ó pe àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Ìyá pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí ìsúfèé kankan.

"Màmá, ìró yẹn dà?"

"Èyí tó ń gba àlàfo eyín mi jáde? Ó máa ń tì mí lójú! Mo rò pé o mọ̀ ni, pé ò ń bò mí láṣìírí."

4.
Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ìwọ tí ò ń kà á, ṣé o ò ní dákẹ́? Òun kò dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Màmá Ìbéèrè.

"Àbúrò mi, mo ti ṣìnà. Àlàfo eyín ìyá ni ìró yẹn ti ń jáde. Kí ni kí n ṣe?"

Obìnrin náà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó fa àga fún un. "Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n, kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ má baà kọ́lé lé e lórí."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ̀wé sí gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn: "Mo ṣàṣìṣe. Ẹnu ẹnì kan péré ni mo ti gbọ́ ọ, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni." Wọ́n kó ìwé náà kúrò nílẹ̀. Ipò olórí bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sunkún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tún pàdé, ó gbé gbogbo ohùn ọdún mẹ́ta náà kalẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Ẹ bá mi gbọ́ ọ. Kí ni mi ò rí?" Gbogbo yàrá náà dìde fún un. Èmi ò tíì rí akọni tó jù ú lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má torí ìbẹ̀rù olè fi iṣẹ́ yín pamọ́ fún ẹni tó lè là yín lójú. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.