Ó-ti-parí àti Ẹyin Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti fojú inú rí òpin iṣẹ́, iṣẹ́ náà ti dópin lójú rẹ̀ nìyẹn; kò tún ní dán an wò mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ó-ti-parí. Bẹ́ẹ̀, ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin adìyẹ, a sì máa ta òròmọdìyẹ. Yàrá ẹ̀rọ náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná ibẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á máa kùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí, ojú lílà ni yóò fi máa lálàá. Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò òun bá òun ṣe kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí yóò máa ṣọ́ ooru ẹyin, kó máa fi kún un, kó sì máa dín in kù bó ṣe yẹ.

Orí kọ̀ǹpútà ńlá lèèyàn ti ń kọ àṣẹ tí irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ lé. Èèyàn á to irinṣẹ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ wa di èdè tí kékeré gbọ́ sórí ńlá, á wá gbé àṣẹ tó ti tú fún kékeré. Ó-ti-parí to gbogbo rẹ̀ pé. Irinṣẹ́ náà kìlọ̀ fún un pé nọ́ńbà tó ń ka àsìkò lè pọ̀ ju ohun tí inú kékeré gbà lọ. Ó rí ìkìlọ̀ náà, ó pa á dé. Ó dán iṣẹ́ wò lórí ńlá, ó ń lọ geere. Ló bá fẹ̀yìn ti àga, ó ń fojú inú wo òròmọdìyẹ bí òwú tó bo gbogbo ọgbà, òròmọdìyẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé, "Ṣé o ti jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí kékeré fúnra ẹ̀?"

"Ó ti parí, Àǹtí mi. Ẹ kó ẹyin yín sí i."

Ohun tí àgbà gbé mì tí kò ṣe é ní nǹkan, ó lè há ọmọdé lọ́fun. Ọjọ́ mélòó kan lọ dáadáa. Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà kún ju inú kékeré lọ, ìṣirò àsìkò dà rú mọ́ ọn lójú, ó sì pa ooru. Síbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé iwájú rẹ̀ ṣì ń tàn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Láàárọ̀, tí ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, òtútù ló pàdé rẹ̀. Ó gbé ẹyin kan sétí, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀, ó sì nà án sí i. Òun náà gbé e sétí. Èémí ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

Òun ló kó gbogbo ẹyin náà jáde, tíréè kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Àbúrò mi ni ẹ́, oúnjẹ ẹ wà nílé mi. Ṣùgbọ́n o ò ní fọwọ́ kan ẹyin mi mọ́." Ẹlòmíràn ló gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn tó máa ń pe Ó-ti-parí síṣẹ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́, wọn ò pè é mọ́. Ó wá ku òun àti kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀, tí gbogbo nǹkan ń lọ geere lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ wá fún un.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ká má fi ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ díwọ̀n ibi tí iṣẹ́ máa gbé. Ẹni tó máa ru ẹrù ni ká gbé e lé lórí wò. Bí ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ bá sì kìlọ̀ fún wa, ká dúró gbọ́ ọ, torí ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.