Ìró Kẹta

Ìlànà iṣẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ìnàkí nínú igbó kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òkú ìnàkí títí àwọn ẹbí rẹ̀ yóò fi kúrò nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, ọpọlọ kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ìyá ìnàkí ṣe lọ mumi lódò báyìí, Dókítà Ìbídùn gbé òkú ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ọpọlọ tiwọn àti tiwa ṣe yà kúrò lára ara wọn láti ayébáyé.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọpọlọ ti wà nínú ìgò oògùn, ìgò wà nínú àpótí onírin nínú ilé tí wọ́n dé sí. Wọ́n gbọ́ ọ láti inú igbó: gbì, gbì.

Bàbá Lákànlé, tó ń mú wọn mọ̀nà, gbé àtùpà sílẹ̀. "Ìyá ọmọ yẹn ni, Dókítà. Tó bá ti lu ìdí igi lẹ́ẹ̀mejì báyẹn, ọmọ ló máa ń lu ìkẹta."

"Kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn lónìí, Bàbá," ni Ìbídùn wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ó tún dún, lára táǹkì omi ẹ̀yìn ilé. Gbogbo nǹkan wá pa lọ́lọ́. Ìbídùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀ ni ó dún lára ilẹ̀kùn: gbì, gbì.

Inú àpótí ni ìkẹta ti dún.