Aránṣọ Tó Bá Oníbàárà Bú Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ìlara ló ba ayé obìnrin aránṣọ yìí jẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í fẹ́wọ́, aṣọ tó bá sì rán kì í tú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé òun ni wọ́n bú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ń jowú jù. Ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣe búrẹ́dì tà, ìdí búrẹ́dì náà ló sì ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fèrèsé rẹ̀ gbòòrò. Yàrá kan ṣoṣo ni aránṣọ háyà ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ lápá kan, bẹ́ẹ̀dì lápá kejì. Bí ẹnìkan bá ti ní, "Ilé ẹ̀gbọ́n yín mà dára o," abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, iyè ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Yóò gbé búrẹ́dì sínú ààrò, yóò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi di èédú. Yóò jáde lọ sí òpópónà kejì, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú, nítorí náà kọ́ọ̀tù fi aránṣọ ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó ta ilé náà, kí owó rẹ̀ lè gbọ́ bùkátà ìtọ́jú. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ti gba ẹ̀gbọ́n sílé ná, wọ́n ń retí owó. Ara tù ú níbẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ń wẹ̀ ẹ́, ó ní àgbàlá tó ti ń rìn kiri, ó tiẹ̀ ti ń sanra díẹ̀. Adájọ́ kìlọ̀ fún aránṣọ.

"Ẹ tà á dáadáa o. Bí owó náà kò bá tó, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò gbé ẹ̀gbọ́n yín wá."

Ọkùnrin tó wá wo ilé náà jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn làwọn ará àdúgbò ń pè é, torí pé bó bá ra bàtà lónìí, yóò dá a padà lọ́la. Ó fi ìka kan ògiri, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó tún ṣí i.

"Àtẹ̀gùn yìí ga jù," ó ní. "Ilé ìdáná yìí sì ṣókùnkùn."

Gbogbo ẹni tó bá ti tajà rí ló mọ̀ pé oníbàárà tó ń wá àléébù ni yóò rà. Ẹni tí kò ní rà, á kí ọ, á sì bá tirẹ̀ lọ. Aránṣọ pàápàá mọ èyí. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti ń gbọ́ ìyìn ilé yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnìkan yóò bú u létí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn dé ọrùn.

"Bàbá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan," ó dáhùn. "Ṣé ẹ ti wo òrùlé?"

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Alágbàtọ́ tó yẹ kó jẹ́ ògiri fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lanu yìí.

Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó padà wá lẹ́ẹ̀kẹta. Bó bá ti bú ilẹ̀kùn, aránṣọ á bá a bú fèrèsé. Káfíńtà tó kan àwọn ilẹ̀kùn náà ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà. Ó gbọ́, ó sì pe aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Aránṣọ, ọjà tí ẹ fẹ́ tà lẹ tún ń bà jẹ́ yìí?"

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Ẹ̀yin lẹ ti máa ń yìn ín jù."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fẹnu kò sí iye tí wọn yóò tà á, ọkùnrin náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé òkè. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó kọ́ ilé yìí mọ ohun tó ń ṣe," ó ní. "Ọlọ́pọlọ èèyàn ni ẹ̀gbọ́n yín."

Ilé ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, iyè rẹ̀ ti ra, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n tún ń yìn. Kí aránṣọ tó mọ̀, irọ́ ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti sán, Bàbá. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, gbogbo ilé á máa gbọ̀n."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dìde, kò jókòó mọ́. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló sọ fún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oníbàárà mìíràn tó yọjú. Ìtìjú kò jẹ́ kí aránṣọ lè jẹ́wọ́ pé irọ́ ni òun pa. Ilé ìtọ́jú sì ń béèrè owó wọn. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá, ìdajì iye tó fẹ́ san tẹ́lẹ̀ ló mú wá, aránṣọ sì gbà á.

Kò pẹ́ tí owó náà fi tán. Ohun tí adájọ́ sọ náà ló ṣẹlẹ̀: wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n wá sínú yàrá kan ṣoṣo yẹn. Ẹ̀gbọ́n gba bẹ́ẹ̀dì, aránṣọ ń sùn sílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń sáré wá a ká òpópónà. Iṣẹ́ oníbàárà ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbé aṣọ kọ́tìnì wá fún un láti rán. Ti fèrèsé òkè yẹn ni.

"Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ìdí ilé yẹn wò," ó ní. "Ìpìlẹ̀ rẹ̀ le koko. Èmi tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn, ilé yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Aránṣọ doríkodò, ó ń wọn aṣọ. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ẹ̀gbọ́n wo yàrá náà yíká.

"Ilé ta nìyí?"

"Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O káre. Ilé yìí dára. Mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sí ọwọ́ tó dà bíi ti àbúrò mi." Ó fọwọ́ pa kọ́tìnì náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo la máa wá lọ sílé mi?"

Ìyìn tí aránṣọ ti ń wá láti kékeré nìyẹn, ẹkún ló sì fi gbà á. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń béèrè ìbéèrè yẹn, ojoojúmọ́ ni àbúrò sì ń wá irọ́ tí yóò fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi ti aránṣọ kọ́gbọ́n. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ilé tí ẹ̀gbọ́n kọ́ kò gba ilẹ̀ mọ́ àbúrò lọ́wọ́. Ẹni tí a fi ṣọ́ ohun ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ìlara á máa sọ fún ọ pé ọmọnìkejì rẹ lò ń bú, àfìgbà tó o bá rí i pé orí ara rẹ lo wó ilé náà lé. Bí ẹnìkan bá wà tí ò ń jowú rẹ̀, lọ yìn ín lónìí tí iyè rẹ̀ ṣì jí.